Bọ́ńpà Tó Ya Kì Í Ṣe Ohun Ìdànù

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá ààyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín tó gbayì yìí kí n fi sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan nínú, ṣùgbọ́n mo ti dàgbà kọjá ẹni tí í pa òótọ́ mọ́ nítorí kí wọ́n lè máa kí i káàárọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa ní Ìpara níbí, olùkọ́ ni. Ọkọ̀ Corolla Tòkunbọ̀ funfun kan ló ní. Òun ló fi ń gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sọ́jà ní Ṣágámù, òun náà ló sì fi ń gbé èrò díẹ̀ nígbà tí owó oṣù bá pẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ọlọ́kadà kan gbá a níwájú ní oríta. Ọlọ́run yọ wọ́n, kò sẹ́ni tó fara pa, ṣùgbọ́n bọ́ńpà iwájú ya láti ẹ̀gbẹ́ iná títí dé ìsàlẹ̀. Olùkọ́ yìí gbé e lọ síbi kan tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Wọ́n ní rọ́bà kì í ṣe ohun tí à ń tún ṣe, kó lọ ra òmíràn ní Ládípọ̀ l'Ékòó, kó sì mú owó ọ̀dà àti owó iṣẹ́ wá lọ́tọ̀. Iye tí wọ́n pè fún un ju owó oṣù rẹ̀ lọ. Nígbà tó délé, ó tú bọ́ńpà náà, ó jù ú sẹ́yìn ògiri níbi tí a ti ń sun pàǹtí, ó wá ń wa ọkọ̀ kiri bí ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ ká.

Èmi ni mo lọ gbé bọ́ńpà náà kúrò lórí ààtàn kí àwọn ọmọ tó finá sí i. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ fún gbogbo yín: bọ́ńpà tó ya kì í ṣe ohun ìdànù. Ẹni tó bá ní sùúrù lè tún un ṣe nínú ọgbà ilé ara rẹ̀ kó sì kùn ún, bí kò bá ṣáà ti fi ọwọ́ irin mú rọ́bà. Ṣé igbá tó fọ́ ni àwọn ìyá wa ń sọ nù ni? Wọ́n ń lu ihò sí i lára ni, wọ́n á fi okùn rán an, á sì tún gbé ẹ̀kọ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kí ẹ má baà bèèrè pé ta ni ń sọ̀rọ̀, pánẹ́ẹ̀lì bítà ni mí. Ṣágámù ni mo ti kọ́ṣẹ́ lọ́dún 1974, mo gba fíríìdọ́ọ̀mù lọ́dún 1979, n kò sì gbé òòlù sílẹ̀ àfi ìgbà tí ẹ̀yìn ní òun kò gbà mọ́. Nígbà tiwa, irin ni gbogbo rẹ̀. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen l'Ékòó, èyí tí a ń pè ní ìjàpá. Bọ́ńpà ìjàpá àti ti Peugeot 504, irin ni, ó ń dán bíi dígí. Bó bá tẹ̀, a óò fi dólì gbè é lẹ́yìn, a óò fi òòlù lù ú níwájú títí yóò fi padà. Ibi tó bá ṣẹ́ kù tí kò gún, a óò fi bọ́dì fílà dí i (kì í ṣe fìlà tí à ń dé sórí o), a óò fi sáńpépà fá a, a óò kun ọ̀dà lé e, ó parí.

Àwọn òyìnbó ti ń gbìyànjú láti fi nǹkan mìíràn rọ́pò irin tipẹ́. Àwọn ará Jámánì ìhà ìlà oòrùn ṣe ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Trabant láti ọdún 1957 títí di 1991, èérún òwú tí wọ́n fi oje kẹ́míkà tẹ̀ pọ̀ ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, ó sì ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ tí wọ́n ṣe jáde. Ní ilẹ̀ Faransé, Renault 5 tó jáde lọ́dún 1972 gbé bọ́ńpà tí kì í ṣe irin jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ará Japan náà wá gba ọ̀nà kan náà. Nígbà tí Tòkunbọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé ní Nàìjíríà, a jí lọ́jọ́ kan a rí i pé òòlù wa kò wúlò níwájú ọkọ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní tuntun. Ohun tí a mọ̀ la ń ṣe.

Ibẹ̀ ni mo ti dẹ́ṣẹ̀. Oníṣòwò obì kan gbé Toyota rẹ̀ wá, bọ́ńpà ẹ̀yìn ti ya. Mo po bọ́dì fílà onírin, mo fi lẹ̀ ẹ́, mo fá a, mo kùn ún, ó dán gbinrin. Èmi àti onísọ́jà yìí jọ yìn ín. Ó gbé e lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tó ń bọ̀, kó tó dé Ògèrè, gbogbo fílà náà ti bọ́ sílẹ̀ lódidi bí ẹ̀kọ tó bọ́ lára ewé. Ó gbé ọkọ̀ náà wá síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, kò sọ ohunkóhun, ó kàn ń wò mí. Mo dá owó rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n kàkà kí wọ́n lọ kọ́ bí rọ́bà ṣe rí, wọ́n kúkú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé rọ́bà kò ṣeé tún ṣe.

Ó ṣeé tún ṣe. Ohun tó fà á tí fílà fi bọ́ ni pé ọ̀pọ̀ bọ́ńpà ọkọ̀, rọ́bà kan tí wọ́n ń pè ní polypropylene ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Ítálì kan, Giulio Natta, ló rí ọ̀nà àtiṣe é lọ́dún 1954, òun àti ará Jámánì kan, Karl Ziegler, sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1963. Ara rẹ̀ dà bí àbẹ́là, kì í jẹ́ kí nǹkan lẹ̀ mọ́ òun. Ọ̀dà kò fẹ́ràn rẹ̀, gọ́ọ̀mù kò fẹ́ràn rẹ̀, fílà onírin kò tilẹ̀ dá a mọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bọ́ńpà máa ń tẹ̀, ó sì ń gbọ̀n bí ọkọ̀ bá wọ kòtò. Fílà onírin le gan-an ni, kò lè bá a tẹ̀. Ẹni tó le àti ẹni tó rọ̀ kò lè jọ sùn lórí ẹní kan kí ọ̀kan má ṣí lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá tú bọ́ńpà yín, ẹ yí inú rẹ̀ wò. Ẹ óò rí lẹ́tà kéékèèké tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ PP, òun náà nìyẹn. Nígbà mìíràn wọ́n á kọ EPDM tẹ̀lé e, ìyẹn ni rọ́bà gidi tí wọ́n pò mọ́ ọn kó má baà tètè kán. Bí ó bá jẹ́ ABS, irú mìíràn nìyẹn, ọ̀dà ń dì í mú ju PP lọ, òun ni wọ́n sábà fi ń ṣe àwòrán ihò afẹ́fẹ́ iwájú ọkọ̀. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí, nítorí irú kan kì í yọ́ mọ́ irú mìíràn.

Bó bá jẹ́ pé ó kàn tẹ̀ ni, tí kò ya, ẹ má náwó rárá. Irin máa ń gbàgbé bí wọ́n ṣe dá a, rọ́bà kì í gbàgbé. Ẹ gbé omi kaná, ẹ dà á sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ tì í láti inú, yóò padà sí ipò rẹ̀. Mo ti rí i kí ó padà fúnra rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán lásán.

Ti olùkọ́ wa ya ní tirẹ̀. Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta la fi ṣe é lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Sátidé kìíní, a kò ṣe ju fífọ̀ lọ. A fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ tinú tẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, torí òróró ọ̀nà àti epo tí wọ́n fi ń nu ọkọ̀ kó dán ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Olùkọ́ fẹ́ fi pẹtiróòlù nù ún, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Pẹtiróòlù nínú ọgbà tí wọ́n ti ń dáná ọ̀sán, ẹ kò rí i pé ìjà ni! Lẹ́yìn náà, a fi ìlu lu ihò kékeré kan sí ibi tí ojú yíya náà parí sí. Ihò yẹn ni kò ní jẹ́ kó máa ya lọ mọ́. Ẹni tí kò bá lu ihò yẹn, ó ń fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè.

Irin gbígbóná tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń lẹ wáyà la fi rán an. A fi ọ̀bẹ gbẹ́ ojú yíya náà láti ẹ̀yìn, ó dà bí poro tí a fẹ́ gbin nǹkan sí, kò jìn ju ìdajì nínípọn rẹ̀ lọ. A gé néètì onírin wẹ́wẹ́, a tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú irin gbígbóná náà títí ó fi rì sínú rọ́bà tó yọ́. A wá gé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ láti ara ìdodo bọ́ńpà yẹn kan náà, níbi tí kò sí ẹni tó lè rí i, òun la yọ́ dí poro náà bí ẹní fi ìda dí ihò. Ìdí tí mo fi ní ara rẹ̀ kan náà ni pé PP kò ní gbà kí rọ́bà mìíràn yọ́ mọ́ òun. Àwọn kan ń gé ike báàkì ọ̀dà, àwọn mìíràn ń lẹ àwọ̀n onídígí pẹ̀lú oje, òtúbáńtẹ́ ni méjèèjì lórí PP bí ẹ kò bá mọ ohun tó wà nínú ike ọ̀hún. Ẹ ṣe iṣẹ́ yìí níta gbangba, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa gbé èéfín náà lọ kúrò lójú yín.

Ti sáńpépà ni ọmọdé máa ń rò pé òun mọ̀. PP máa ń hu irun bí a bá fá a kíákíá, bí awọ ewúrẹ́ tí a kò jó dáadáa. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà 180, a fi 320 tẹ̀lé e, a wá fi 600 pẹ̀lú omi parí rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ibi tó ṣì kòtò, fílà tí wọ́n ṣe fún rọ́bà, tó ń tẹ̀, la fi dí i. Kó tó kàn án, àti kó tó kan ọ̀dà, ohun kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé, òun ni èmi kò mọ̀ nígbà ti oníṣòwò obì yẹn. Omi kan tó mọ́ bíi kẹrosíìnì ni, páráímà ti rọ́bà ni wọ́n ń pè é, inú agolo tí à ń fín ló sábà máa ń wà. Òun ni alárinà láàrin PP àti ọ̀dà. Ẹ fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ sì kun èyí tó kàn láàrin àkókò tí wọ́n kọ sára agolo. Bí ẹ bá jẹ́ kó kọjá àkókò yẹn, ó ti kú nìyẹn.

Ti ọ̀dà, ẹ má fojú díwọ̀n. Nọ́ńbà ọ̀dà ọkọ̀ yín sábà máa ń wà lára bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibi ilẹ̀kùn awakọ̀. Funfun ti ọkọ̀ olùkọ́ yìí jẹ́ 040, ọ̀kan lára àwọn tó rọrùn jù nínú ọ̀dà Toyota. Bó bá jẹ́ àwọ̀ fàdákà tàbí èyí tó ń tàn bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹ má fi dánra wò fún ìgbà àkọ́kọ́, kí ẹ má baà fi ọkọ̀ kan ṣe aláwọ̀ méjì. A wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà dìde, àárọ̀ kùtùkùtù la sì fín in nígbà tí afẹ́fẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. A kò ṣe é lásìkò òjò, nítorí ọ̀rinrin máa ń jẹ́ kí ọ̀dà funfun bí ẹni wọ́n lẹ́búlẹ́bú sí i. A kò sì ṣe é nígbà ọyẹ́ tí eruku kì í jókòó. Ẹ fín in fẹ́lẹ́, kó gbẹ díẹ̀, kí ẹ tún fín òmíràn, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Ẹni tó bá ní òun yóò parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀dà rẹ̀ máa ń ṣàn bí omijé.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ nìyí. Ọ̀dà inú agolo lásán ni kí ẹ lò nílé, èyí tí kò ní háádínà. Kílíà oníháádínà tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ń fi kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fín, ó dán jù, ó pẹ́ jù, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú háádínà yẹn tí wọ́n ń pè ní isocyanate. Kò ní òórùn tó lè kìlọ̀ fún yín kó tó wọlé sára. Bó bá ti bá ẹ̀dọ̀fóró èèyàn dọ̀tá, ó lè di ikọ́ fée tí kì í lọ. Ní Ìlú Ọba, àìsàn yìí wọ́pọ̀ láàrin àwọn tó ń kun ọkọ̀ débi pé wọ́n ní ẹni tó bá ń fín in gbọ́dọ̀ wọ ìbòjú tó ń mí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fi páìpù fà wá láti ibi tó mọ́. Níbí, áńkáṣífù la fi ń dí imú.

Ọmọṣẹ́ mi kan wà tó mọ ọ̀dà fín ju èmi lọ. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe kọ́ mi: fi áńkáṣífù dí imú, bó o bá parí, mu mílíìkì agolo kan. Gbogbo wa la gbà pé mílíìkì ń fọ ọ̀dà kúrò nínú ara. Inú ikùn ni mílíìkì ń lọ, ẹ̀dọ̀fóró ni ọ̀dà ń bá jà, a kò ronú kàn án. Kò tíì pé ogójì ọdún tí àyà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í hán bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Dókítà ní kó má dé ibi ọ̀dà mọ́. Ó ń ta káàdì fóònù báyìí, bó bá gun òkè díẹ̀, yóò dúró, yóò di ògiri mú. Ìgbàkígbà tí mo bá rí i, ó ń kí mi ní ọ̀gá. Bí ẹ bá ń bi mí pé kí ló ń jẹ mí lọ́kàn, òun nìyẹn, kì í ṣe bọ́ńpà nìkan.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó gbọ́ ohun tí mo bá olùkọ́ ṣe wá bá mi nílé pé mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Mo ní ta ni yóò gbé yíya kékeré wá fún yín nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin náà lẹ ń lé e lọ sí Ládípọ̀? Iṣẹ́ tó tó yín ṣe pọ̀. Bọ́ńpà tí à ń wò yìí, ìbòrí lásán ni. Irin àti fóòmù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń gba ìkọlù. Bí irin yẹn bá tẹ̀, tàbí bí ibi tí wọ́n fi ìdè so bọ́ńpà mọ́ ọkọ̀ bá kán, tàbí bí wáyà ẹ̀rọ àfẹ̀ẹ́fẹ̀ tó ń bú jáde nígbà ìjàǹbá bá wà nítòsí ibi tó gbá, kí onílé má fọwọ́ kàn án, kó gbé e wá fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́ iṣẹ́ rọ́bà. Ẹ kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ yín náà, kí ẹgbẹ́ yín sì fi í sínú ohun tí wọn yóò mọ̀ kí wọ́n tó gba fíríìdọ́ọ̀mù. Ẹ ra ìbòjú gidi fún wọn lára owó tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ òbí wọn. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó jáde láìdágbére. Àwọn méjì tó kù dúró, wọ́n ní kí n fi irin gbígbóná náà hàn wọ́n.

Sátidé tó kọjá, olùkọ́ náà fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí Ìsarà lọ kí àbúrò mi. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọkọ̀, mo wo iṣẹ́ wa. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn dáadáa lábẹ́ oòrùn yóò rí i pé funfun ti bọ́ńpà mọ́ ju ti bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ díẹ̀, nítorí oòrùn ọdún púpọ̀ ti pa ti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ní kó jẹ́ ká fi ọjọ́ kan tún un kùn. Ó ní rárá, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Pánẹ́ẹ̀lì bítà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìpara Rẹ́mọ, Ìpínlẹ̀ Ògùn.